Ọmọ Tí Abẹ́rẹ́ Ṣe Ní Jàǹbá: Ta Ni Yóò Gbọ́ Bùkátà Rẹ̀?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, ní Ekete, Warri, Ìpínlẹ̀ Delta

 

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń yanjú ẹjọ́ nígbà tí òbí bá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ṣe ọmọ òun léṣe. Ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́ ni. Bí mo bá sọ ọ́ ní ìsọkúsọ, ẹnì kan lè délé kó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Lọ́yà yẹn ní abẹ́rẹ́ ń pa ọmọ." Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ibi tí mo dúró hàn yín. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń gba ẹ̀mí là. Ìwádìí tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, darí, tó jáde ní 2024, fi hàn pé láàárín àádọ́ta ọdún ó ti gba ẹ̀mí mílíọ̀nù 154 là, ọmọ ọwọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ gbé ọmọ yín lọ gbà á. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ṣùgbọ́n oògùn tó ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ní rere lè ṣe ẹyọ kan ní jàǹbá. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kò fi í pa mọ́ rí. Oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu, tó jẹ́ pé òun la fi gbógun ti àrùn náà nílẹ̀ yìí, lè fa àrùn yẹn gan-an, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 ìgbà tí wọ́n bá kán an. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn kéré lójú ìjọba. Ní ilé tí ó bá wọ̀, kò kéré. Ọmọ yẹn gba oògùn náà nítorí ara rẹ̀ àti nítorí ọmọ aládùúgbò. Nígbà tí ó wá forí kó o, ta ni yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀? Ṣé dandan ni kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀yá ìjà ní kóòtù kó tó rí owó ra kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn fún un?

Mo dáhùn pé rárá, n óò sì fi ẹjọ́ kan tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹjọ́ náà kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ àjẹsára gan-an, ti oògùn tí wọ́n fi ń wo àìsàn ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lójú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹjọ́ mìíràn nílẹ̀ yìí tó ba ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn òbí nínú abẹ́rẹ́ jẹ́ tó o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1996, àrùn yírùnyírùn jà ní àríwá Nàìjíríà, ó jà bí kò ṣe jà rí. Àwọn tó kó o lé ní 100,000. Àwọn tó kú lé ní 11,000. Nílé ìwòsàn àrùn àkóràn tó wà ní Kano, àwọn dókítà MSF, ẹgbẹ́ oníṣègùn tí kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè, ti wà níbẹ̀, wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn chloramphenicol. Ilé-iṣẹ́ Pfizer láti Amẹ́ríkà dé bá wọn nínú ọgbà kan náà, ó gbé oògùn tuntun dání, Trovan, tí ìjọba Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí. Ó yan ọmọ 200. Ó fún 100 ní Trovan, ó fún 100 yòókù ní ceftriaxone, tí àwọn dókítà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ 11 kú: márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn tó gba èkejì. Àwọn òbí ní ọmọ àwọn mìíràn dití, àwọn kan fọ́jú, àwọn kan rọ. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni wọ́n ń fi ọmọ àwọn ṣe, tàbí pé oògùn mìíràn wà nínú ọgbà kan náà tí wọ́n lè gbà. Wọ́n tún ní oṣùwọ̀n ceftriaxone tí wọ́n fún ìdajì tó kù ti kéré jù. Pfizer ní bẹ́ẹ̀ kọ́: àrùn ló pa àwọn ọmọ náà, àwọn òbí fi ẹnu gbà á, ìjọba sì mọ̀ sí i. Lẹ́tà kan wà tó ní ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ńlá kan ní Kano ti yẹ ìdánwò náà wò, ó sì ti fọwọ́ sí i. Nígbà tí àwọn oníròyìn tú u wò, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà ní ayédèrú ni lẹ́tà yẹn, pé ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń wí kò tíì sí nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò náà.

Ìwé ìròyìn Washington Post ló tú ọ̀rọ̀ náà síta ní December 2000. Ní 2001, àwọn ìdílé gbé ẹjọ́ lọ sí New York. Kóòtù àkọ́kọ́ dà á nù, ó ní Nàìjíríà ni kí wọ́n ti lọ ṣe é. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n tún dà á nù. Wọ́n tún pè. January 2009 ni kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ro ẹjọ́ wọn ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano àti ìjọba àpapọ̀ ti gbé ẹjọ́ tiwọn kalẹ̀ nílé, wọ́n ń béèrè ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là. Yakubu Gowon, olórí ìjọba tẹ́lẹ̀, dá sí i láti làjà.

Ní July 30, 2009, Pfizer àti ìpínlẹ̀ Kano tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé ọ̀rọ̀ ti parí, owó náà sì jẹ́ mílíọ̀nù 75 dọ́là. Gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Mílíọ̀nù 30 jẹ́ ti iṣẹ́ ìlera tí ìjọba Kano yóò ṣe. Mílíọ̀nù 10 jẹ́ owó tí ìjọba ná sórí ẹjọ́ àti lọ́yà. Èyí tó kù fún àwọn tó fara gbá a, àwọn tí a torí wọn ṣe gbogbo rẹ̀, kò lè ju mílíọ̀nù 35 lọ, kò sì pé ìdajì. Wọ́n kó o sínú àpò kan, wọ́n fi Adájọ́ Abubakar Wali, tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ṣe olórí rẹ̀.

Owó náà kò sì yá dé ọwọ́ wọn. Ọmọ tó wà nínú ìdánwò jẹ́ 200, ṣùgbọ́n àwọn tó wá sọ pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí owó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí oníkálukú wá ṣe àyẹ̀wò DNA, kí wọ́n fi wé ẹ̀jẹ̀ tí Pfizer gbà ní 1996. Àwọn òbí kan kọ̀: ẹ ti gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan láìsọ ìdí fún mi, ẹ tún fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kejì? Ó di February 2011 kí ẹjọ́ New York tó parí pẹ̀lú àdéhùn tí wọn kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. August 2011 ni ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ gba owó, 175,000 dọ́là fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, nítorí ọmọ wọn tó kú. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n gbé e wọ ilé ìwòsàn yẹn, bó bá yè, ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún.

N kò dá ìdílé kankan lẹ́bi pé ó gba owó. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò lè dìde kì í dúró de ìdájọ́ kó tó jẹun. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí adájọ́ kan tó jókòó gbọ́ ẹ̀rí dé òpin kó sọ fún wa bóyá oògùn ló ṣe àwọn ọmọ náà tàbí àrùn. Pfizer sanwó, kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí ìtàn méjì fi wà nílẹ̀ títí dòní, tí oníkálukú ń mú èyí tó wù ú.

Àárín ìgbà tí ẹjọ́ ń lọ tó ń bọ̀ ní New York ni ìyà náà bọ́ sórí àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí ní 1996. Ní 2003, Dókítà Datti Ahmed, tó jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ Sharia ní Nàìjíríà, sọ pé wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún lú oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Dókítà ni, kì í ṣe ẹni tí kò kàwé. Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́. Kano dá ètò kíkán oògùn náà dúró, ìpínlẹ̀ mìíràn lápá ibẹ̀ náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Trovan nìkan kọ́ ló fà á; òṣèlú wà níbẹ̀, ogun Iraq náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ní oògùn náà kò léwu, ìdáhùn wà lẹ́nu àwọn òbí: bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe sọ ní 1996. Nǹkan bí oṣù mọ́kànlá kọjá kí Kano tó tún bẹ̀rẹ̀ ní July 2004, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n rà láti Indonesia. Kòkòrò àrùn tó tara Nàìjíríà jáde ti wọ nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè. Ó di August 2020 kí wọ́n tó lè kéde pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àdánidá, èyí tí kì í ṣe inú oògùn ló ti wá, ti kúrò ní Áfíríkà.

Ẹ̀yin ará Warri mọ̀ nípa owó gbà-má-bínú jù mí lọ. Ẹ ti rí epo rọ̀bì tó dà sódò, ẹ ti rí ìgbìmọ̀, ẹ ti rí lọ́yà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fi ti Bodo, ní ilẹ̀ Ogoni, wé ti Kano. Ní January 2015, Shell gbà láti san mílíọ̀nù 55 owó pọ́n-ùn nítorí epo tó dà níbẹ̀ ní 2008. Mílíọ̀nù 35 nínú rẹ̀ lọ sọ́wọ́ ènìyàn 15,600, apẹja ló pọ̀ jù, ó lé ní 2,000 pọ́n-ùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 20 jẹ́ ti ìlú. Nǹkan pọ̀ tí a lè wí sí i, odò náà kò sì tíì padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó náà tó lọ tààrà sọ́wọ́ ẹni tó jìyà. Ẹni tó bá ń yin àdéhùn fún yín, ẹ bi í léèrè pé: èló ló dé ọwọ́ ẹni tó fara pa, àti pé lẹ́yìn ọdún mélòó?

Bí ẹnì kan níbí yìí bá ní òun yóò lọ kóòtù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lábẹ́ òfin wa, ó ní láti fi hàn pé ẹnì kan kùnà, kó fi hàn pé ìkùnà yẹn gan-an ló fa ìpalára. Dókítà wo ni yóò wá jẹ́rìí lòdì sí dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀? Ta ni yóò san owó rẹ̀? Òfin mìíràn tún wà nílẹ̀ tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba: ẹni tó bá fẹ́ pè é lẹ́jọ́ nítorí iṣẹ́ ọba tó ṣe, oṣù mẹ́ta péré ló ní. Àwọn adájọ́ ti ṣí fèrèsé díẹ̀ sára òfin yẹn, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ṣì dúró. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìjọba la ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú abẹ́rẹ́ ọmọ. Ìyá tó bímọ, tí ọmọ rẹ̀ ń ní gìrì, tó ń sáré láti Ekete lọ sí ilé ìwòsàn ní Warri, kó tó mọ ohun tó ń ṣe é, oṣù mẹ́ta ti lọ. Nọ́ọ̀sì tó gún abẹ́rẹ́ náà, àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí ẹjọ́ bá wà láàárín wọn, ọmọ mìíràn nínú ilé yẹn kò ní lọ sí ilé ìwòsàn náà mọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti gba ọ̀nà yìí kọjá ṣáájú wa. Ní April 1955, ilé-iṣẹ́ Cutter ní Amẹ́ríkà ta abẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí kòkòrò àrùn inú rẹ̀ kò tíì kú tán. Nǹkan bí 200 ènìyàn rọ, mẹ́wàá kú. Nígbà tí ìdílé kan pè wọ́n lẹ́jọ́, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú ní Cutter kò ṣàìbìkítà, síbẹ̀ wọ́n ní kó sanwó, nítorí ohun tó tà kò rí bó ṣe ní ó rí. Mo ka ìdájọ́ yẹn sí ọ̀kan nínú àwọn tó bọ́gbọ́n mu jù: ẹni tó fara pa kò ní láti wá ọ̀daràn kó tó rí ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ẹjọ́ ti pọ̀ lórí abẹ́rẹ́ ikọ́ líle débi pé àwọn ilé-iṣẹ́ ń pa iṣẹ́ náà tì, ẹ̀rù sì ń ba ìjọba pé abẹ́rẹ́ yóò wọ́n. Ní 1986, wọ́n ṣe òfin tuntun. Láti 1988, owó orí ń wọ inú àpò kan lórí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan; ní báyìí, ó jẹ́ senti 75 fún àrùn kọ̀ọ̀kan tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà. Àpò yẹn ló ń sanwó, ilé-iṣẹ́ kọ́. Ó ti san ju bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ. Ó máa ń san owó lọ́yà lọ́tọ̀, kì í yọ ọ́ lára owó ọmọ, kódà bí òbí bá pàdánù ẹjọ́ tó fi inú kan gbé wá.

Ẹnì kan yóò ní, ṣé owó tí wọ́n san kò fi hàn pé abẹ́rẹ́ burú? Kò fi hàn bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú owó wọ̀nyẹn, àdéhùn ni wọ́n fi san án, láìjẹ́ pé ìjọba gbà pé abẹ́rẹ́ ló fà á. Wọ́n rí i pé iyèméjì ṣì wà, wọ́n sì gbè sẹ́yìn ọmọ. Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Australia ṣàyẹ̀wò ènìyàn 14 tí wọ́n ti sọ pé abẹ́rẹ́ ikọ́ líle ló ba ọpọlọ wọn jẹ́. Mọ́kànlá nínú wọn ló ní àbùkù nínú jíìnì kan, èyí tó ń fa gìrì àti wárápá fún ọmọdé. Kì í ṣe pé àwọn òbí wọn parọ́. Ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n sọ: abẹ́rẹ́ lónìí, gìrì lọ́la. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí àwọn onímọ̀ jókòó yẹ ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan wò ní gbangba. Òbí tí wọ́n bá ṣàlàyé fún pẹ̀lú ọ̀wọ̀ yóò gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà yóò wá àlàyé síbòmíràn, yóò sì rí i.

Ní ìlú ọba, òfin irú èyí wà láti 1979, ó ń san 120,000 pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n àfi kí ara ẹni bà jẹ́ tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá jẹ́ 59 kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ìkà ni ìlà bẹ́ẹ̀, bí àwa bá sì fẹ́ ṣe tiwa, kí a má kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn.

Àwa náà ti wà lábẹ́ irú ètò yìí rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló mọ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ COVID tí COVAX, ètò pínpín abẹ́rẹ́ kárí ayé, fi ránṣẹ́ dé Abuja ní March 2, 2021, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ìwọ̀n AstraZeneca, àpò owó gbà-má-bínú kan tẹ̀ lé e, èyí tí WHO dá sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè 92. Nàìjíríà wà nínú wọn. Wọn kò ní kí o fi hàn pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi, o kò sì ní san kọ́bọ̀ láti béèrè. Ṣùgbọ́n bí o bá ti gba owó náà, o kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ wo ara yín nínú gbọ̀ngàn yìí: ta ló gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́? Ẹ̀tọ́ tí wọn kò kéde fún ìyá tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà kò tíì di ẹ̀tọ́. Ní April 2021, South Africa dá tirẹ̀ sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ COVID. Tiwa dà, fún abẹ́rẹ́ tí ọmọ ń gbà lójoojúmọ́?

Kò sí ìdí tí a kò fi lè ní i. Òfin Ìlera ti 2014, tí ọmọ ìpínlẹ̀ yìí, Ifeanyi Okowa, jà fún nígbà tó jẹ́ sẹ́nétọ̀, ti ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Nígbà tó di gómìnà, ìpínlẹ̀ Delta dá àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo ń wí kò ju kí a mú owó kékeré lórí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a fi sínú àpò tí òfin dè, bí ẹni ń dá àjọ: gbogbo wa ń dá a, ẹni tí ìpalára kàn ló ń kó o. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Asaba lè bẹ̀rẹ̀ kí Abuja tó jí.

Bí wọ́n bá kọ òfin náà, mo fẹ́ kí àwọn dókítà àti ẹni tó ń ṣojú àwọn òbí jọ jókòó gbọ́ ẹ̀sùn, kí wọ́n sọ ìpinnu wọn síta pẹ̀lú ìdí rẹ̀, láì dárúkọ ọmọ. N kò fẹ́ kí àdéhùn ìdákẹ́ wà nínú rẹ̀ rárá. Àpò ìfowópamọ́ òbí ni kí owó náà wọ̀, kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti olóyè, kì í ṣe ti lọ́yà. Bó bá sì hàn pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ gún abẹ́rẹ́ tó ti bà jẹ́, tàbí pé ilé-iṣẹ́ kan ń fi ọmọ ṣe ìdánwò láìgba àṣẹ, kí ẹnu ọ̀nà kóòtù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àpò owó kò gbọ́dọ̀ di ibi ìsápamọ́ fún ọ̀daràn. Àwọn kan bẹ̀rù pé bí a bá dá irú àpò yìí sílẹ̀, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ yóò ba àwọn ènìyàn. Ní Kano, kò sí àpò kankan ní 2003, ẹ̀rù sì bà wọ́n.

Kí òfin tó dé, nǹkan wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ gún ọmọ, ẹ ní kó kọ nọ́ńbà tó wà lára ìgò abẹ́rẹ́ sórí káàdì náà, kó sọ ohun tí ẹ lè rí lára ọmọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó sì sọ èyí tó bá dé tó yẹ kí ẹ sáré padà wá. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ kò bú u. Bí ara gbígbóná tí kò lọ, gìrì, tàbí ohun àjèjì mìíràn bá tẹ̀ lé e, ẹ padà síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìjábọ̀ tó ń lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Udu, tí Ekete wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní fọ́ọ̀mù ti tán, ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.